Ojú Owó Ọjà Kọ́ Ló Yẹ Ká Máa Fi San Owó Ọsibítù Àwọn Òbí Wa

Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ló ń mu. Gbogbo wa la mọ òwe yìí, a sì máa ń fi ṣàdúrà fún ara wa níbi ìkómọ àti ìgbéyàwó. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin oníṣòwò kéékèèké tí ẹ ń ka abala ọrọ̀ ajé yìí, ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè: ọmú wo gan-an ni òkété àgbà ń mu nínú ilé tiwa? Bó bá jẹ́ owó tí a ti yà sọ́tọ̀ fún un ni, kò sóhun tó burú níbẹ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ ojú owó ọjà ló ń mu, òkété á mu, ọmọ náà á sì gbẹ.

Ọ̀rọ̀ adójútòfò ìlera fún àwọn àgbàlagbà, pàápàá èyí tó jẹ́ àfikún, ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá ti dárúkọ ínṣọ́ránsì báyìí, ọ̀pọ̀ èèyàn á ti fẹ́ ṣí ìwé ìròyìn sí abala eré bọ́ọ̀lù, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn ará báńkì nìyẹn. Ẹ má tíì ṣí i o. Lójú tèmi, kò sẹ́ni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn tó oníṣòwò kékeré. Òṣìṣẹ́ tó ná owó oṣù rẹ̀ sí ọsibítù mọ̀ pé oṣù mìíràn ń bọ̀. Oníṣòwò tó bá ti ná ojú owó rẹ̀, kí ló fẹ́ fi tajà lọ́la?

BÍ ṢỌ́Ọ̀BÙ ṢE Ń KÚ DÍẸ̀DÍẸ̀

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan. Ká ní 800,000 náírà ni ojú owó tí obìnrin kan fi ń ta aṣọ àǹkárá, tó sì ń jèrè 80,000 náírà lóṣù. Nínú èrè yìí ló ti ń mú 60,000 tọ́jú ilé, tó ń fi 20,000 pa mọ́. Ẹ ó rí i pé obìnrin náà kò ṣe búburú rárá. Lọ́jọ́ kan, wọ́n pè é láti ilé pé rọpárọsẹ̀ kọ lu bàbá rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni bàbá lò ní ọsibítù, owó gbogbo rẹ̀ jẹ́ 400,000 náírà. Ọmọ gidi ni, kò jiyàn, ó yọ ọ́ nínú ojú owó. Bàbá yè, gbogbo ẹbí dúpẹ́.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ìdajì ọjà ti lọ, nítorí náà ìdajì èrè ti lọ pẹ̀lú. Ẹni tó ń jèrè 80,000 tẹ́lẹ̀ wá ń jèrè 40,000, bẹ́ẹ̀ ilé ṣì ń jẹ 60,000. Níbo ni 20,000 tó kù ti fẹ́ wá? Inú ojú owó náà ni. Nígbà tó bá di oṣù kejì, ojú owó ti di 380,000, èrè ti di 38,000, ohun tó gbọ́dọ̀ yọ sì ti di 22,000. Bẹ́ẹ̀ ni á máa lọ lóṣooṣù. Bí ẹ bá fi bírò ṣírò ó, ẹ ó rí i pé nínú oṣù kejìlá, owó ti tán pátápátá. Kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n san owó ọsibítù ni ṣọ́ọ̀bù náà kú. Ó tó nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ kó tó kú, nígbà tí kò sẹ́ni tó rántí ọsibítù mọ́, táwọn ará àdúgbò á sì máa sọ pé ọjà ni kò tà, tàbí pé ayé ló wà nídìí rẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló ti ń ṣe adójútòfò fún àwọn òbí wọn láìmọ̀. Ojú owó ọjà wọn ni adójútòfò náà. Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé adójútòfò ọ̀hún kò ní iye tó pin sí. Wọ́n ti ṣírò rẹ̀ tipẹ́ pé nínú 100 náírà tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ń ná sórí ìlera, ó lé ní 70 tó ń jáde tààrà láti àpò aláìsàn àti ẹbí rẹ̀. Àwọn àgbàlagbà ló sì ń lo ọsibítù jù lọ: ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, làkúrègbé, ojú tó ń ṣú, kídìnrín tó ń dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ gbé ti kídìnrín nìkan yẹ̀ wò. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kéde ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025 pé àwọn dín owó fífọ kídìnrín kù láwọn ọsibítù ìjọba àpapọ̀ kan, 50,000 náírà ni wọ́n ní ó wà tẹ́lẹ̀ fún ẹ̀ẹ̀kan, tí wọ́n sọ ọ́ di 12,000. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fọ̀ ọ́. Pẹ̀lú ẹ̀dínwó yẹn náà, 36,000 náírà ni lọ́sẹ̀ kan. Ṣọ́ọ̀bù wo nínú àwọn tiwa ló lè gbé e títí láé?

ÀLÀFO TÓ WÀ NÍNÚ KÁÀDÌ TÍ A NÍ

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń sọ pé, "Ṣebí ìjọba ti ní adójútòfò ìlera, kí ló tún ku àfikún?" Òótọ́ ni pé ó wà. Òfin tó dá ètò NHIS sílẹ̀ ti wà láti ọdún 1999, oṣù Kẹfà ọdún 2005 ni ìjọba Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ sì ṣí i ní gbangba. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tí káàdì náà kó sínú: òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀, ọkọ tàbí aya rẹ̀, àti ọmọ mẹ́rin tí wọn kò tíì pé ọdún 18. Bàbá dà? Ìyá dà? Wọn kò sí níbẹ̀, àfi tí òṣìṣẹ́ náà bá san owó mìíràn lé e láti fi orúkọ wọn kún un.

Bákan náà ni ti ìpínlẹ̀ Èkó. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò Ìlera Èkó ní ìparí ọdún 2018, 8,500 náírà ni ẹnì kan ń san lọ́dún, 40,000 sì ni ti ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà. Ẹ má ṣe gbára lé iye yẹn lónìí o, ẹ béèrè iye tó jẹ́ nísinsìnyí lọ́wọ́ LASHMA tó ń bójú tó o. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kíyè sí ni ìdílé tí wọ́n ń sọ: bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́rin. Ìdílé ti òyìnbó nìyẹn. Ìdílé ti Yorùbá ní màmá àgbà nínú, ó sì ní bàbá tó wà nílé ní Ìkirè tàbí Ìjẹ̀bú Igbó, tí wọ́n ń fi owó oúnjẹ ránṣẹ́ sí lóṣooṣù.

Àlàfo kìíní nìyẹn: orúkọ òbí kò sí lórí káàdì. Àlàfo kejì wà nínú ohun tí káàdì ń san. Nínú ìlànà tí NHIS ń lò, ẹni tó ní káàdì ṣì ń san 10 nínú 100 owó oògùn. Tí dókítà bá ní kó lọ ya àwòrán inú ara pẹ̀lú àwọn ẹ̀rọ ńlá bíi CT scan tàbí MRI, ìdajì owó rẹ̀ ni ètò náà ń san, aláìsàn á wá ìdajì tó kù. Ọ̀dọ́ tí ibà ń ṣe kò ní mọ̀ pé àlàfo kankan wà. Àgbàlagbà tó ń lo oògùn mẹ́rin lójúmọ́, tí wọ́n tún ní kó ya àwòrán ọpọlọ, òun ló máa já sínú rẹ̀.

Òfin tuntun dé ní ọdún 2022. Oṣù Karùn-ún ọdún yẹn ni Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ú, tí NHIS di NHIA. Òfin náà sọ ọ́ di dandan kí gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà ní adójútòfò ìlera, títí kan àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni tó ní òṣìṣẹ́ márùn-ún sókè. Ó tún gbé àpò owó kan kalẹ̀ fún àwọn aláìní, ó sì ka àwọn arúgbó mọ́ wọn. Èyí tó kan ọ̀rọ̀ wa jù ni pé òfin náà kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti ra adójútòfò aládàáni kún un, níwọ̀n ìgbà tí onítọ̀hún bá ti wà nínú ètò ìjọba. Ìyẹn ni pé òfin fúnra rẹ̀ ti fi àyè sílẹ̀ fún àfikún.

KÍ NI ÀFIKÚN YÌÍ GAN-AN?

Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà, ẹ mọ èènì. Kò sí oníbàárà tó máa gba èènì lọ́wọ́ yín láì kọ́kọ́ ra ọjà. Bí adójútòfò àfikún ṣe rí nìyẹn: ó gbọ́dọ̀ lé lórí nǹkan. Ṣùgbọ́n èènì tiyín, ọ̀fẹ́ ni, owó la ó san fún eléyìí. Tàbí kẹ́ ẹ wò ó bí agbádá: kò sẹ́ni tí orí rẹ̀ pé tí í wọ agbádá láìwọ bùbá sábẹ́ rẹ̀.

Bùbá náà ni ètò ìjọba ìpínlẹ̀. Ní Èkó, LASHMA ni. Ní Ọ̀yọ́, OYSHIA ni. Ní Ọ̀ṣun, OHIS ni. Ètò wọ̀nyí dín owó kù nítorí pé gbogbo èèyàn ló ń dá a jọ, òun ló sì yẹ kó kọ́kọ́ gbé ìtọ́jú kéékèèké: ibà, yíyẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, oògùn tó wọ́pọ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi orúkọ bàbá àti ìyá sílẹ̀ níbẹ̀, ní ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń gbé, kì í ṣe ìpínlẹ̀ tí ẹ̀yin ń gbé. Ẹ sì béèrè bóyá wọ́n wà lára àwọn tí ìjọba ń san owó wọn, torí àwọn arúgbó míì wà tó tọ́ sí tí ọmọ wọn kò béèrè.

Agbádá náà ni èyí tí ẹ máa rà lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni tí wọ́n ń pè ní HMO. Àwọn kan nínú wọn ní ètò tí wọ́n dìídì ṣe fún àgbàlagbà, àwọn kan sì ní èyí tí ọmọ tó wà lókè òkun lè máa san fún òbí rẹ̀ nílé. Bí ẹ bá ní àbúrò kan ní London tàbí Houston tó máa ń béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí la lè ṣe fún Màmá?", ẹ dáhùn pé kó san owó adójútòfò ọdún kan. Ó dára ju kó máa fi owó ránṣẹ́ lóru ọjọ́ tí wọ́n bá gbé Màmá dé ẹnu ọ̀nà ọsibítù.

ÌBÉÈRÈ MẸ́FÀ KẸ́ Ẹ TÓ SANWÓ

Kì í ṣe gbogbo àfikún ló yẹ ní rírà o. Òmíràn wà tó jẹ́ pé orúkọ lásán ni. Ìbéèrè mẹ́fà yìí ló máa fi hàn yín.

Ìkíní, ọdún mélòó lẹ fi ń gba èèyàn, ọdún mélòó lẹ sì fi ń lé e jáde? Àwọn ilé iṣẹ́ kan kì í gba ẹni tó bá ti lé ní 60 tàbí 65 sínú ètò wọn tó wọ́pọ̀. Òmíràn á gbà á, àmọ́ wọ́n á dá a dúró tó bá pé iye ọdún kan, ìyẹn ìgbà gan-an tó nílò rẹ̀ jù.

Ìkejì, àìsàn tó ti wà lára tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Bí wọ́n bá ti mọ̀ pé bàbá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣé wọ́n á tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru náà àti ohun tó bá bí, bíi rọpárọsẹ̀, àbí wọ́n á ní kò kan àwọn? Ẹ má ṣe fi àìsàn pa mọ́ nígbà tí ẹ bá ń kọ fọ́ọ̀mù. Irọ́ yẹn ni wọ́n máa fi kọ̀ láti sanwó lọ́jọ́ tó bá burú.

Ìkẹta, oṣù mélòó la ó dúró kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́? Fún iṣẹ́ abẹ, ó lè jẹ́ oṣù díẹ̀, ó lè tó ọdún kan. Ẹni tó bá lọ rà á nígbà tí dókítà ti ní kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọjà ìrọ̀lẹ́ ló ń ná, wọ́n á ti palẹ̀ mọ́.

Ìkẹrin, iye wo ni owó ìtọ́jú pin sí lọ́dún, iye wo ló sì pin sí fún àìsàn kọ̀ọ̀kan? Wọ́n lè sọ fún yín pé mílíọ̀nù kan ni, ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ ìwé, iṣẹ́ abẹ kò ju 150,000 lọ. Ti abẹ́ yẹn ni kẹ́ ẹ kà.

Ìkarùn-ún, ọsibítù wo ló wà nítòsí Màmá? Kì í ṣe èyí tó wà nítòsí yín. Ìwé tó kún fún ọsibítù Ìkẹjà àti Lẹ́kí kò wúlò fún arúgbó tó ń gbé Òkè Ihò. Ẹ tún pe ọsibítù tí wọ́n kọ síbẹ̀, kẹ́ ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ṣì ń gba káàdì náà.

Ìkẹfà, ṣé oògùn oṣooṣù wà nínú rẹ̀? Oògùn ojoojúmọ́ ló ń jẹ owó àgbàlagbà jù, ju àìsàn ńlá tó ń dé lẹ́ẹ̀kan lọ.

Lẹ́yìn ìdáhùn yín, ẹ ṣírò. Ká ní wọ́n ní kẹ́ ẹ san 120,000 lọ́dún, tí ìtọ́jú pin sí 200,000, tí wọn kò sì ní tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru tí bàbá ti ní láti ọdún mẹ́wàá. Ẹ fi sílẹ̀. Ètò ìpínlẹ̀ àti àpò kan tí ẹ yà sọ́tọ̀ ní báńkì fún bàbá dára jù ú lọ. Àmọ́ bí òbí yín bá wà láàárín ọdún 55 sí 60, tí ara rẹ̀ ṣì le, ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ rà á nìyí, kí ọjọ́ orí tó tì í síta. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

OHUN TÍ AMẸ́RÍKÀ MỌ̀ TÍ ÀWA KÒ TÍÌ ṢE

Ẹnì kan lè ní, ṣé ó wá yẹ kí wọ́n máa ti arúgbó síta báyìí? Kò yẹ. Ibi tí ìjọba ti gbọ́dọ̀ dá sí i nìyẹn, àpẹẹrẹ tó dára sì wà níta.

Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá ti pé ọdún 65 máa ń bọ́ sínú ètò ìlera ìjọba tí wọ́n ń pè ní Medicare, èyí tí Ààrẹ Lyndon Johnson buwọ́ lù lọ́dún 1965. Ètò náà lágbára, síbẹ̀ kì í san gbogbo owó. Nínú owó dókítà, lẹ́yìn iye kan tí àgbàlagbà á kọ́kọ́ san lọ́dún, ìjọba á san 80 nínú 100, òun á san 20. Ẹ má fojú kéré 20 yẹn, nítorí pé nínú ètò náà fúnra rẹ̀, kò níbi tó pin sí. Tí owó náà bá jẹ́ 100,000 dọ́là, 20,000 jẹ́ tirẹ̀. Àlàfo yìí ni àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni ń ta àfikún lé lórí, tí wọ́n pè é ní Medigap.

Ohun méjì ni òfin wọn ṣe tó wù mí. Èkíní, òfin kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 1990 pàṣẹ pé kí àwọn àfikún náà jọra. Lẹ́tà ABD ni wọ́n fi ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan, ohun tó sì wà nínú èyí tí wọ́n pè ní G ní ilé iṣẹ́ kan náà ló wà nínú G níbi gbogbo, àfi ìpínlẹ̀ mẹ́ta tó ní ìlànà tiwọn. Iye owó nìkan ló yàtọ̀. Ó dà bí ìgbà tí gbogbo ọjà bá ń fi kóńgò kan náà wọn gààrí: ẹni tó ń rà kò ní láti yẹ ìdí kóńgò wò kó tó béèrè iye. Èkejì, láti oṣù tí àgbàlagbà bá ti pé 65 tó sì ti wà nínú apá tó ń san owó dókítà, ó ní oṣù mẹ́fà gbáko tí ilé iṣẹ́ kankan kò lè kọ̀ ọ́, tí wọn kò sì lè fowó lé e nítorí àìsàn tó wà lára rẹ̀. Tí oṣù mẹ́fà yẹn bá kọjá, ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, wọ́n lè yẹ ara rẹ̀ wò kí wọ́n sì kọ̀ ọ́.

Èrò tèmi ni pé kí NHIA ṣe irú rẹ̀ fún wa. Kí wọ́n yan kóńgò kan náà fún àfikún àwọn àgbàlagbà, kó má ṣe ju oríṣi mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ, kí ìyá aláta lè mọ ohun tó ń rà. Kí wọ́n sì ṣí ilẹ̀kùn fún oṣù mẹ́fà fún ẹnikẹ́ni tó bá pé ọdún 60 tó ti wà nínú ètò ìpínlẹ̀ rẹ̀, tí HMO kankan kò ní lè sọ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru jù. Àwọn ilé iṣẹ́ á ké pé arúgbó ń náni lówó. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ, owó àfikún náà á sì lè ga díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdí tí òfin fi ní dandan ni fún gbogbo èèyàn nìyẹn: kí owó ọ̀dọ́ tí kò ṣàìsàn lè gbé àgbà tó ń ṣàìsàn, nítorí pé ọ̀dọ́ náà yóò dàgbà.

ẸGBẸ́ ỌJÀ, Ọ̀RỌ̀ KÀN YÍN

Kẹ́ ẹ má rò pé ìjọba nìkan ni mo ń bá wí. Bí ẹnì kan bá lọ bá HMO, wọ́n á wo ọjọ́ orí ìyá rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Bí ọgọ́rùn-ún méjì èèyàn bá lọ lórúkọ ẹgbẹ́, wọ́n á gbé àga fún wọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn lápapọ̀ ni adójútòfò ń jẹ́, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti ẹgbẹ́ ìyálọ́jà sì ti ní ọ̀pọ̀ èèyàn yẹn nílẹ̀.

Kì í ṣe ohun tí a kò rí rí. Lọ́dún 2007, ilé iṣẹ́ Hygeia bẹ̀rẹ̀ ètò kan pẹ̀lú àtìlẹ́yìn owó láti ilẹ̀ Netherlands, fún àwọn obìnrin ọjà ní Èkó àti àwọn ará abúlé ní ìpínlẹ̀ Kwara. Owó táṣẹ́rẹ́ ni àwọn tó wọ ètò náà ń san, àrànṣe náà ló gbé èyí tó pọ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2014 lórí ti Kwara fi hàn pé láàárín àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń gbé níbi tí ètò náà wà wálẹ̀ ju ti àwọn tó ń gbé níbi tí kò sí lọ. Ẹ gbọ́ ohun tí mo ń sọ: ẹ̀jẹ̀ ríru tó bá wálẹ̀ lónìí jẹ́ rọpárọsẹ̀ tí kò ní wáyé lọ́la, àti 400,000 tí kò ní jáde nínú ṣọ́ọ̀bù ẹnikẹ́ni.

Mo mọ̀ pé owó òkèèrè ló ran ètò yẹn lọ́wọ́, a kò sì lè máa dúró de òkèèrè. Àmọ́ ìlànà ẹgbẹ́ ni kẹ́ ẹ mú níbẹ̀. NHIA ní ètò kan tí wọ́n pè ní GIFSHIP, tó wà fún ẹgbẹ́, ìdílé àti ẹnì kọ̀ọ̀kan tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Kí alága ẹgbẹ́ yín kọ̀wé sí wọn, àti sí ilé iṣẹ́ ti ìpínlẹ̀, kó béèrè pé: bí ọgọ́rùn-ún méjì nínú wa bá fẹ́ fi bàbá àti ìyá wa sílẹ̀ pa pọ̀, kí lẹ máa gbà? Èèyàn tó ń dá èésú láti fi ra ankò fún ìsìnkú kò lè sọ pé òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń dá owó jọ fún alààyè.

ṢÉ À Ń PE ÀÌSÀN WÁLÉ NI?

Mo ti gbọ́ àtakò tó pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní ẹni tó bá ń sanwó àìsàn sílẹ̀, àìsàn ló ń ránṣẹ́ pè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó ra páńdọ́rọ̀ sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ṣé olè ló ń pè? Wọ́n ní tí ọdún bá yí po tí Màmá kò ṣàìsàn, owó ti gbé. Kò gbé. Ó ti gbé ọmọ ẹlòmíràn dìde, bí ti ẹlòmíràn yóò ṣe gbé Màmá dìde. Bí àjọ ṣe rí nìyẹn.

Àtakò kan wà tí n kò lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn: pé ẹni tó mú káàdì wá máa ń jókòó pẹ́ ju ẹni tó mú owó wá, pé wọ́n á ní oògùn tó wà nínú ètò ti tán. Ó ń ṣẹlẹ̀, ó sì burú jáì. Ṣùgbọ́n kí èèyàn má ní káàdì kọ́ ni ojútùú rẹ̀. Ojútùú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ orúkọ ọsibítù náà àti ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ fi ẹjọ́ sùn ní ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ètò náà, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n yí ọsibítù Màmá padà. Bí ẹjọ́ bá pọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ kan, wọ́n á gbọ́.

Ọmọdé ni mo jẹ́ sí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ kò sì nílò kí n kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń tọ́jú òbí. Ohun tí mo ń tọrọ kò ju ìlà kan lọ nínú ìwé ìṣirò yín. Ẹ ní ìlà fún owó ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní fún iná, ẹ ní fún ọkọ̀ tó ń kó ọjà. Ẹ fa ìlà kan kún un, kẹ́ ẹ kọ "ìlera Bàbá àti Màmá" sí i, kẹ́ ẹ sì máa yọ ọ́ nínú èrè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ 1,000 náírà. Nínú 1,000 lọ́sẹ̀, 52,000 ló ń jáde lọ́dún. Kí oṣù yìí tó parí, ẹ pe ọ́fíìsì adójútòfò ti ìpínlẹ̀ tí òbí yín ń gbé, kẹ́ ẹ béèrè iye tó jẹ́. Ẹ pe tẹ̀gbọ́n tàbùrò jọ lórí fóònù, kẹ́ ẹ pín in. Kẹ́ ẹ sì béèrè ọjọ́ orí Bàbá dáadáa, torí ọdún kan tàbí méjì lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí wọ́n gbà sínú àfikún àti ẹni tí wọ́n ní ó ti pẹ́ jù fún.